Bí Gbogbo Marlock Ṣe Dìde fún Mott

Orúkọ méjì ni Crispin Mott ń jẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fún un.

Mott ni ti bàbá. Tressilian ni ti ìyàwó. Lọ́jọ́ tó gbé Rosamund Tressilian níyàwó ló mú orúkọ ilé àna rẹ̀, tó fi ìlà kékeré kan so ó mọ́ tirẹ̀, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Mott-Tressilian. Láti ọjọ́ náà, bí o bá pè é ní Mott lásán, etí rẹ̀ á di. Fi Tressilian kún un, wàá rí eyín méjìlélọ́gbọ̀n.

Ọpọ́n ìwẹ̀ ló ń tà. Èyí olómi gbígbóná tó máa ń hó kutukutu, tí àwọn olówó ìgbèríko Somerset ń gbé sẹ́yìn ilé kí wọ́n lè jókòó sínú rẹ̀ nínú òjò. Ó mọ̀ ọ́n tà. A ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mott, a-ta-omi-gbígbóná-fún-ẹni-tó-ní-kẹ́tù! Aláṣọ ọdẹ tí kò yìnbọn rí. Oníbàtà ẹrẹ̀ tí òun àti ẹrẹ̀ kò tíì pàdé. Ó ra ajá ọdẹ. Ajá náà ń sá fún pẹ́pẹ́yẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí owó rẹ̀ kò tíì rà. Ọmọ ní Marlock.

Marlock ni ilé-ìwé tí àwọn Tressilian ń gbé ọmọ wọn lọ máa sùn láti ọmọ ọdún méje, kí wọ́n tó mọ okùn bàtà í so. Bàbá Rosamund lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ wà lára pátákó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ní ti àwọn Mott, ẹnì kan péré nínú wọn ló wọ géètì yẹn rí: Sid Mott, bàbá Crispin, tó lọ tún páìpù wọn tó bẹ́ ṣe nígbà òtútù ńlá kan. Ìyẹn kò sí nínú ìtàn ìdílé tí Crispin ń sọ nídìí ọtí.

Ọmọ tó fẹ́ fi ra ibẹ̀ ni Clemency. Clemmie. Ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Clemmie lè tú aago palẹ̀, kó tò ó padà, kó sì máa lọ. Ó lè fi wáyà ṣe ẹyẹ tí ológbò á máa lé. Ṣùgbọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀. Kíá, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èyí tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì, ìlà òkè á já lé ti ìsàlẹ̀, bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kó tó lọ sílé-ìwé abúlé, ó máa ń bì. Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń kàwé sókè ní kíláàsì.

Rosamund mú un lọ bá obìnrin kan ní Taunton, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò fún odindi ọjọ́ kan, ó kọ ìròyìn olójú ewé mẹ́rìnlá. Dísílẹ́síà ni, ó ní, ìṣòro ìwé kíkà. Ọpọlọ ọmọ yìí pé, ó tilẹ̀ mú ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni kò bá a mu. Ẹ wá ilé-ìwé tó mọ irú rẹ̀ í kọ́. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti máa ní kó kàwé níwájú èrò, nítorí ó ti ń gbà pé òmùgọ̀ lòun. Bí ìyẹn bá fi lè ta gbòǹgbò nínú rẹ̀, ó máa ṣòro láti fà tu.

Rosamund kà á lẹ́ẹ̀mejì. Crispin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí bí adájọ́.

"Jígí ojú mi wà nínú mọ́tò," ó ní. "Ṣáà sọ ohun tó wí fún mi."

Rosamund sọ fún un.

"Ṣé olódo ni wọ́n ń pe ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó pè é ní olódo, Crispin. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é."

"Ọmọ Mott-Tressilian kì í ṣe olódo. Ọ̀lẹ ni. Gbé e lọ sí Marlock, wọ́n á gbọn ọ̀lẹ dànù lára rẹ̀. Kó wẹ omi tútù láàárọ̀, kó sáré yí pápá ká, lẹ́tà á dúró."

"Lẹ́tà á dúró nítorí pé ó wẹ omi tútù?"

"Lẹ́tà dúró fún bàbá rẹ, àbí kò dúró?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó ń ta omi gbígbóná.

Clemmie wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé ọmọ tí kò lè kàwé kò létí.

Ilé-ìwé tí Rosamund rí ni Dunnock House. Orí òkè ló wà, lẹ́yìn oko ápù kan. Bọ́dìn náà ni, ṣùgbọ́n ogójì ọmọ péré ló wà níbẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà nínú kíláàsì, kò sì sí tíṣà kan níbẹ̀ tí kò kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí lẹ́tà ń sá fún. Mísì Pargeter, ọ̀gá ibẹ̀, jáde wá pàdé wọn nínú bàtà ẹrẹ̀ tó mọ ẹrẹ̀ dáadáa. Adìẹ méjì ń tẹ̀ lé e bí ọlọ́pàá.

Mott wo àwọn ọmọ tó ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn. Ó wo adìẹ. Ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní pátákó orúkọ àwọn èèyàn ńlá tó jáde níbí ni?"

"A máa ń kọ orúkọ àwọn adìẹ sára ilé wọn," Mísì Pargeter dá a lóhùn.

Ó mú páálí kékeré aláwọ̀ ewé kan, tí wọ́n gé ojú tóóró kan sí láàárín bíi fèrèsé, ó gbé e lé ojú ìwé níwájú Clemmie. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Ìyókù wà lábẹ́ páálí.

"Ìyẹn nìkan ni kí o bá jà," ó ní. "Àwọn tó kù, jẹ́ kí wọ́n tò sẹ́yìn bí ọmọlúàbí."

Clemmie ka ìlà mẹ́rin. Ó falẹ̀, ìka rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó kà á. Rosamund kọjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ojú òun. Mott ń wo adìẹ.

"Ó máa ń rìn nínú ìdílé," Mísì Pargeter ní. "Ta ló tún ní in nínú yín?"

"Kò sí." Mott kò jẹ́ kó délẹ̀. "Bó bá tiẹ̀ wà, á jẹ́ níhà ìyàwó mi."

"Níhà tèmi," Rosamund tún un sọ. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

Bẹ́ẹ̀dì kan ló kù fún oṣù kìíní ọdún. Ìdílé mìíràn ti ń béèrè rẹ̀. Mísì Pargeter ní òun lè dì í mú dè wọ́n títí di ọ̀sán Mọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ méjì síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lọ. Ó fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Bàbá á buwọ́ lù ú, ìyá á buwọ́ lù ú. Àwọn méjèèjì. Páálí aláwọ̀ ewé náà, ó ní kí Clemmie máa mú un lọ.

"Bí Marlock bá gbà á, ibẹ̀ ló ń lọ," Mott sọ nínú mọ́tò. "Mi ò ní buwọ́ lu ìwé ilé adìẹ."

"Bí Marlock ò bá sì gbà á ńkọ́?"

"Kí wọ́n má gba ọmọ mi? Èmi?"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níhìn-ín, ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́tà kì í dúró fún Crispin Mott náà.

Kò dúró fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò tíì dúró títí dòní. Ogójì ọdún ló ti ń sá fún ìwé bí ajá rẹ̀ ṣe ń sá fún pẹ́pẹ́yẹ. Nílé oúnjẹ: "Ohun tí ẹni yìí bá jẹ ni kí ẹ gbé fún mi." Nínú ìpàdé: "Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, mi ò ráyè." Àti jígí. Jígí tó wà nínú mọ́tò! Bí mọ́tò bá wà nítòsí, jígí á wà nílé. Bí wọ́n bá wà nílé, jígí á wà níbi iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀: Ìyáàfin Gudgeon, akọ̀wé rẹ̀, tó ti ń bá a ka gbogbo nǹkan fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò sì fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹni tí lẹ́tà ń sá fún, tó sì dá iṣẹ́ tí ọgọ́ta èèyàn ń jẹ nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ ní yínyìn. Ṣùgbọ́n kí adìẹ tí kò léyín wá máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè họ eegun! Ohun tí a ń bá a wí nìyẹn.

Mott pe Marlock. Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll, ọ̀gá ilé-ìwé, ló gbé fóònù fúnra rẹ̀.

"Ẹ mú ọmọ wá ní Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ méjì síwájú. Kó bá wa ṣe ìsìn, kó bá wa jẹun ọ̀sán, ká sì wo bó ṣe ń kàwé. Ṣé ìròyìn kankan wà láti ọ̀dọ̀ onímọ̀? Ohunkóhun tó yẹ ká mọ̀?"

"Rárá o," Mott ní. Ìròyìn olójú ewé mẹ́rìnlá wà lábẹ́ ẹní ajá. Ajá ń sùn lórí rẹ̀. "Ọmọ tó já fáfá ni. Ojú ló kàn máa ń tì í."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Mo sì ń rò ó pé ilé eré ìdárayá yín á nílò ọpọ́n ìwẹ̀ kan. Àbí méjì."

Hartnoll ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ará Marlock kì í sáré pàdé ẹ̀bùn. Wọ́n máa ń jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Mott-Tressilian," ó ní, orúkọ náà sì dún létí Mott bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, "bóyá ẹ máa bá wa ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ náà? Bàbá ìyàwó yín kà á fún wa rí."

Ọlọ́gbọ́n á ní ọ̀fun ń dun òun.

"Ọlá ńlá ni," Mott ní.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń làágùn.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà kan dé láti Marlock, òǹtẹ̀ wúrà lójú rẹ̀. Mott kò ṣí i. Ó fọwọ́ pa òǹtẹ̀ náà. Ó fi í han àwọn tó wà nílé ọtí. Ó fi í han alápatà. Ó fi í han ọkùnrin tó wá yẹ gáàsì wò. Lẹ́yìn náà ó tì í bọ àpò kóòtù rẹ̀, lápá àyà, níbi tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì máa ń so àmì ẹ̀yẹ mọ́.

"Ẹ̀kọ́ wo ni, sà?" Ìyáàfin Gudgeon bi í.

"Ẹ̀kọ́ kejì ti Sọ́ńdè yẹn."

"Ṣé wọn ò wá kọ lẹ́tà ni?"

"Wọ́n kọ ọ́. Ìkíni lásán ni." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ìyáàfin Gudgeon, ohun kan náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ yìí ń kà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bi àlùfáà abúlé wa."

Ibẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ kọ. Kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ kíkà tuntun ni àlùfáà abúlé ń lò, àgùntàn tó sọnù ló sì wà nínú rẹ̀ fún Sọ́ńdè yẹn. Ní Marlock, Ìwé Àdúrà àtijọ́ ni, láti ayé àwọn ọba onírun àtọwọ́dá, wọn ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ títí Jésù á fi dé. Ọmọ Tressilian gidi á mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú oyún. Ọmọ Tressilian onílà kékeré kò mọ̀.

Ìyáàfin Gudgeon ka ìtàn náà sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Mott ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, lálọ lábọ̀, títí di Sọ́ńdè náà. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Ó mọ ibi tí Ìyáàfin Gudgeon ti húkọ́. Ó fi ọwọ́ kún un: ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú orí bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó wá àgùntàn yẹn nínú pálọ̀ títí ajá fi ń bá a wá a.

"Mọ́mì," Clemmie béèrè láàárọ̀ Sọ́ńdè náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, "ṣé wọ́n á ní kí n kàwé sókè níbẹ̀?"

Rosamund kò purọ́ fún un. Ó fi páálí aláwọ̀ ewé náà sínú àpò kóòtù ọmọ, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Marlock tutù bí inú fíríìjì. Ọgọ́fà ọmọ ló wà níbẹ̀, nínú kóòtù aláwọ̀ aró, Bíbélì lórí itan. Àwọn òbí tuntun tó ogún. Wọ́n pín ìwé ètò ìsìn kárí.

Rosamund ka tirẹ̀. Ó tún un kà. Ó fa apá kóòtù ọkọ rẹ̀, ó gbé ìwé náà sábẹ́ imú rẹ̀, ìka rẹ̀ lórí ìlà kan.

"Crispin. Ka ibí yìí."

"Mo ti rí i."

"O ti rí i? Kò sì dà ọ́ láàmú?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an ni. Fi mí sílẹ̀, mò ń ṣàṣàrò."

"Crispin, kì í ṣe àgùntàn ni wọ́n—"

"Rosamund! Ṣọ́ọ̀ṣì la wà."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tilẹ̀ gbé fèrè náà lọ́wọ́.

Níwọ̀n bí kò ti lè kà á, ẹ jẹ́ ká bá a kà á. "Ẹ̀kọ́ kejì: ìtàn àwọn tí a pè sí àsè. Òǹkàwé: Ọ̀gbẹ́ni C. Mott-Tressilian. A ń rán àwọn àlejò wa létí àṣà Marlock. Àwọn ọmọ a máa fi ìka bá òǹkàwé lọ nínú Bíbélì wọn. Ọmọ tó bá gbọ́ àṣìṣe yóò dìde dúró láìsọ̀rọ̀, títí a ó fi tún un kà dáadáa."

Ohun kan náà ni lẹ́tà olóǹtẹ̀ wúrà sọ. Ó wà ní àyà rẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbóná lára ọkàn rẹ̀.

Wọ́n pè é. Ó dìde. Ó fa kóòtù rẹ̀ sísàlẹ̀.

Idì onídẹ kan, tí wọ́n ń lò bíi tábìlì ìkàwé, ló gbé Bíbélì ńlá lé ìyẹ́ níwájú, gbohùngbohùn tín-ínrín kan lábẹ́ àgógó rẹ̀. Mott fa jígí yọ. Bẹ́ẹ̀ ni, jígí dé lónìí! Gíláàsì lásán ni, ó rà á fún ọjọ́ náà. Ìwé ti ṣí sílẹ̀, rìbọ́nù pupa wà lójú ibi tó yẹ. Mott fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ewé kan síwájú, nítorí ó ti rí i pé àwọn òǹkàwé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, a ò ní purọ́. Ọkùnrin kan ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn.

Ọmọbìnrin onídìí-irun méjì kan ní ìlà iwájú wo Bíbélì rẹ̀. Ó wo Mott. Ó tún wo Bíbélì. Ó dìde.

Àwọn ọmọkùnrin méjì dìde lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, odindi ìlà kan.

Mott rí wọn. Àyà rẹ̀ kún. Ẹ wò ó, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ ọlọ́lá. Wọ́n gbọ́ ohùn gidi, wọ́n dìde fún un. Ta ló dìde fún bàbá Rosamund báyìí rí?

Ó gbé ohùn sókè. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú orí, ó wá àgùntàn náà kiri inú ṣọ́ọ̀ṣì, dé ibi àwọn akọrin. Ogún mìíràn dìde. Ó fi ẹkún díẹ̀ sí i. Ọgbọ̀n dìde. Nígbà tó fi máa rí àgùntàn, tó máa gbé e kọ́ èjìká, tí òun náà sì tẹ èjìká sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé ó wúwo, gbogbo Marlock ti wà lórí ìdúró. Ọgọ́fà ọmọ, bí igbó páìnì. Tíṣà orin pàápàá dìde nídìí dùùrù, nítorí ọmọ Marlock àtijọ́ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó. Clemmie. Kì í ṣe Bíbélì ló ń wò. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Mott parí. Ó tẹrí ba sọ́tùn-ún. Ó tẹrí ba sósì.

"Ẹ ṣeun," ó ní, "ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti tó."

Kò sẹ́ni tó jókòó.

Hartnoll dìde níjòókòó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Àgùntàn yẹn dára púpọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mott-Tressilian. Ṣùgbọ́n wọn ò lè jókòó. Àṣìṣe ni wọ́n dìde fún."

"Àṣìṣe... àṣìṣe ta ni?"

"Tiyín. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ó wà nínú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Àsè ni ẹ̀kọ́ òní, kì í ṣe àgùntàn. Ẹni tó bá ṣìnà ní Marlock, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni. Rìbọ́nù pupa wà níbẹ̀."

"Ìmọ́lẹ̀ ibí yìí ò dára."

Tíṣà kan tan iná orí idì.

"Jígí mi—"

"Ó wà lójú rẹ, Crispin," Rosamund sọ láti ìjókòó.

Mott wo ìwé. Ó ti pẹ́ tó ti wo ìwé bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Lẹ́tà rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. "Ó... Ó sì..." Ọgọ́fà ọmọ dúró, ìka lórí ìlà, wọ́n ń dè é. Èémí rẹ̀ ń já. Ó ń fà á gba imú, kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó fẹ́ bì.

Clemmie mọ èémí yẹn. Èémí Mọ́ńdè ni.

Ó dìde, ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, bàtà rẹ̀ ń dún kò kò kò. Ó na ọwọ́ sókè sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ gba páálí mi. Ẹ fi bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀."

"Padà síjòókòó rẹ."

"Dádì, ṣé lẹ́tà ń sá fún ẹ̀yin náà?"

Ó rọra sọ ọ́ o. Ọmọ tó lójú àánú ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgógó idì ló ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ gbé e, ó fọ́n ọn sókè àjà, ó fọ́n ọn dé etí àwọn òbí tuntun, ó fọ́n ọn ba pátákó bàbá àgbà Tressilian, ó sì dá a padà fún Mott: ẹ̀yin náà, ẹ̀yin náà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Níjòókòó, Rosamund tú èémí kan sílẹ̀ tó ti ń há mọ́ ọn láyà láti ọdún mọ́kànlá. Jígí inú mọ́tò. Jígí ilé. Jígí ibi iṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà fún Mott nígbà yẹn. Kó gba páálí. Kó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, kó wọ́ ọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń wọ́ ọ. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ, a ò sì ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mott bọ́ jígí rẹ̀.

"Orí ń fọ́ mi," ó sọ fún idì.

Ó tan àyà síta, ó gbórí sókè, ó rìn lọ sí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lápá òsì bí ẹni tó mọ ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn náà, lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ dúdú: YÀRÁ ÌGBÁLẸ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló kà á. Gbogbo wọn àfi ẹnì kan. Ó ṣí i, ó wọlé, ó sì pa á dé pẹ̀lú ọlá.

Wọ́n gbọ́ garawa kan.

Wọ́n dúró kó jáde. Kò jáde. Ìgbéraga ló tì í wọlé, òun náà ló sì dúró tì í lẹ́nu ilẹ̀kùn. Hartnoll ka ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ọgọ́fà ọmọ sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì. Wọ́n kọ orin kan. Mott wà nínú ìgbálẹ̀. Àlùfáà wàásù fún ìdajì wákàtí, nípa ọkùnrin tí wọ́n pè sí àsè, tó lọ fúnra rẹ̀ jókòó síbi ọlá, tí onílé sì ní kó dìde, kó lọ sẹ́yìn. Láti Túsìdeè ló ti kọ ìwàásù náà, kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Síbẹ̀, bó ṣe ń wàásù ni ojú àwọn èèyàn ń ṣí lọ sápá òsì. Wọ́n kọ orin kejì. Wọ́n ṣe àmín. Garawa tún dún lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà ìjáde, àwọn ọmọ tò kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn náà ní méjì méjì, ojú wọn síwájú gan-an, ètè wọn wọlé. Hartnoll dúró kí àwọn òbí péjọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i.

Mott dúró láàárín ìgbálẹ̀ mẹ́fà, òwú aláǹtakùn lórí irun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínú garawa.

"Mò ń yẹ páìpù wò ni," ó ní.

Hartnoll gbójú sókè wo páìpù. Páìpù wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Mott kan bá wa ṣe é nígbà òtútù ńlá. Èmi ni mo tan iná fún un. Kò tíì jò láti ọjọ́ náà. Èèyàn gidi ni bàbá yẹn. Mott lásán ló ń jẹ́."

Òbí tuntun kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́.

Rosamund kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìròyìn olójú ewé mẹ́rìnlá yọ nínú báàgì rẹ̀, irun ajá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi lé Hartnoll lọ́wọ́.

"Ọkọ mi ní kò sí. Ó wà. Ẹ bá mi sọ òótọ́ kan: kí lẹ máa fi irú ọmọ yìí ṣe níbí?"

Hartnoll ka ojú ewé kìíní lórí ìdúró. Ó wo Clemmie. Ó wo àwọn ìjókòó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Ìyáàfin," ó ní, "a máa ń ṣe dáadáa fún ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kà kó tó dé."

"Mo ti rí bẹ́ẹ̀."

Wọn ò dúró jẹ ẹran àgùntàn. Àgùntàn ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé míńtì.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé inú mọ́tò. Mott di ìdarí mú, kò tan ẹ̀rọ mọ́tò. Rosamund nawọ́, ó ṣí ibi ìkó-nǹkan-sí iwájú mọ́tò. Súìtì míńtì. Okùn ajá. Rìsíìtì àtijọ́ kan.

"Wò ó," ó ní. "Kò sí jígí kankan níbí."

Mott ti ibi ìkó-nǹkan-sí náà pa.

Rosamund tẹ́ fọ́ọ̀mù Dunnock House sórí itan ọkọ rẹ̀, ó fún un ní bírò. Ìbuwọ́lù tirẹ̀ ti wà níbẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ. Mott wo ìwé náà. Òjò ń lu òrùlé mọ́tò.

"Níbo?" Mott béèrè. Kì í ṣe Rosamund ló dojú ìbéèrè náà kọ.

Clemmie nà síwájú láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ó gbé páálí aláwọ̀ ewé lé fọ́ọ̀mù, ó sún un, ó tún un sún, títí ìlà kan ṣoṣo fi yọ lójú fèrèsé rẹ̀.

"Ibi tí ìka mi wà yìí, Dádì."

Bàbá rẹ̀ kọ orúkọ síbẹ̀. Mott.

Ìlà kékeré tó ń so Tressilian mọ́ ọn, kò rántí fà á.